Bí A Ó Bá Lọ, Ẹ Jẹ́ Kí A Béèrè Ọ̀nà Lọ́wọ́ Onílé

 

 Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà ní ilé-ìwé yìí lónìí, ẹ ó rántí pé nínú ètò ayẹyẹ ọdún yìí ni ẹgbẹ́ wa ti dábàá pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún àṣekágbá, pẹ̀lú àwọn díẹ̀ nínú àwa àgbà, wọ bọ́ọ̀sì rin ìrìn-àjò ọlọ́jọ́ mẹ́fà ní ilẹ̀ Olómìnira Benin, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń fi orúkọ ìlú kan ṣoṣo, Kútọnu, pè. Ọ̀nà tí a là sílẹ̀ nìyí: láti Àgbádárìgì gba Sèmè kọjá ibodè, dé Àjàṣẹ́ tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, sí Kútọnu, sí Ouidah, kí a yí sókè lọ sí Àgbómẹ̀, Ìdàáṣà àti Ṣábẹ̀ẹ́, kí a sì gba Bohicon àti Kétu padà sí Pọ̀bẹ́, Sakétẹ́ àti Àjàṣẹ́, kí a tó forí lé ilé.

Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde ni ilé ti pín sí méjì. Apá kan nínú ẹ̀yin òbí ní ọmọ yín kò ní lọ, ó parí; ẹ ní ayé ti bàjẹ́, ọ̀nà kò sì dára. Apá kejì ní kí a máa múra, nítorí pé ọmọ wa kan tó ń gbé ìlú Òyìnbó ti fi fóònù rẹ̀ ṣètò gbogbo rẹ̀ tán: aago tí a ó kúrò, aago tí a ó dé, ilé ìtura tí a ó sùn sí. Ó fi ránṣẹ́ sí wa, ó sì gún régé lójú. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ìfẹ́ ilé-ìwé ló mú un ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tí a kà á tán, a rí i pé kò sí ẹyọ ẹnìkan tó ń gbé ní ojú ọ̀nà yẹn tí a bi léèrè ohunkóhun.

Èrò tiwa yàtọ̀ sí ti apá méjèèjì. A gbà pé kí àwọn ọmọ lọ. A sì gbà pé kò yẹ kí ọkọ̀ kankan ṣí títí a ó fi gba ìmọ̀ràn àwọn onílé.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú Ìwé Mímọ́, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wa wà. Ní orí kẹwàá Ìwé Númérì, àwọn ọmọ Ísírẹ́lì fẹ́ ṣí kúrò ní aginjù Sínáì. Àpótí ẹ̀rí ń lọ níwájú wọn, ìkùukùu Olúwa sì wà lórí wọn lọ́sàn-án. Bí ẹnikẹ́ni bá wà láyé tó lè sọ pé òun kò nílò afọ̀nàhàn, àwọn ni. Síbẹ̀, Mósè bẹ Hóbábù ará Mídíánì, tí í ṣe àna rẹ̀, pé kí ó má fi àwọn sílẹ̀, nítorí ó mọ ibi tí ó yẹ kí wọ́n pàgọ́ sí ní aginjù, kí ó lè jẹ́ ojú fún wọn. Nígbà tí a wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà, olùkọ́ wa kan bi kíláàsì léèrè bóyá àìnígbàgbọ́ ni ti Mósè yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wa dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀dọ́ ni wá nígbà náà. Lónìí, a mọ̀ pé ìkùukùu a máa sọ ìgbà tí ó yẹ kí á ṣí àti ibi tí ó yẹ kí á dúró. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti da ẹran ní aginjù láti kékeré ló mọ ibi tí kànga wà àti ibi tí ejò pọ̀ sí. Ẹ̀bùn Ọlọ́run ni méjèèjì. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ kí a tó gbọ́ orúkọ Mósè pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran.

Àwa tí a ń kọ èyí kò kọ́ ẹ̀kọ́ náà nínú ìwé. A kọ́ ọ pẹ̀lú ìtìjú, a kò sì tíì sọ ọ́ ní gbangba rí.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1997, a kó àwọn ọ̀dọ́ ìjọ kan tí a ń bójú tó nígbà náà lọ sí agbègbè Ṣábẹ̀ẹ́. Àwa ni olórí ìrìn náà. Ní ọjọ́ kẹta, a fẹ́ yà kúrò lójú títì ọlọ́dà lọ sí abúlé kan tí wọ́n ti ń retí wa fún ìsìn àṣálẹ́. Ní oríta tí a ti fẹ́ yà, ìyá àgbà kan ń ta ẹ̀kọ àti ẹja díndín. Ó bi wá ní èdè Yorùbá tiwọn níbi tí à ń lọ. A sọ fún un. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má gba ọ̀nà yìí lónìí. Òjò rọ̀ lókè lóru àná, odò yóò ti kún. Ẹ sùn síbí, ẹ lọ lọ́la." A rẹ́rìn-ín. Ojú ọ̀run mọ́ kedere, oòrùn ń ràn. A sọ fún un pé Ọlọ́run tó rán wa ti ń lọ níwájú wa. Kò bá wa jiyàn. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ ra ẹ̀kọ dání nígbà náà, ebi yóò pa yín." A ra díẹ̀ láti fi tù ú nínú.

Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ̀ wa rì sínú ẹrẹ̀ ní etí odò tó ti kún kọjá afárá. Kò lè lọ síwájú, kò lè padà sẹ́yìn. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, òjò mìíràn bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wa, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Àwọn òbí rẹ̀ ti sọ fún wa kí a tó kúrò nílé pé òtútù àti òùngbẹ ni ọ̀tá rẹ̀. Òtútù mú un ní òru yẹn, omi mímu sì ti tán. Kí ó tó di ọ̀gànjọ́, ó ti ń ké nítorí ìrora inú eegun. Àdúrà ni a ń gbà, a kò sì kábàámọ̀ àdúrà náà. Ṣùgbọ́n bí a ti ń gbà á ni ohùn ìyá ẹlẹ́kọ ń dún létí wa.

Àwọn ọ̀dọ́kùnrin abúlé kan ló gbọ́ igbe wa. Wọ́n gbé ọmọ náà pọ̀n gba ọ̀nà oko, ọ̀nà tí àwa kò mọ̀ pé ó wà, títí wọ́n fi dé ibi tí alùpùpù ti lè rìn, wọ́n sì gbé e dé ilé ìwòsàn kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó yè. Nígbà tí a padà délé, bàbá rẹ̀ kò bínú sí wa. Ó kàn béèrè pé, "Ẹ̀yin Àlùfáà, kò sí ẹni tó kìlọ̀ fún yín ni?" A dá a lóhùn pé òjò ló ká wa mọ́ láìròtẹ́lẹ̀. Irọ́ ni. Bàbá náà kú ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, a kò sì tíì rí ẹnu sọ òtítọ́ fún un. A ti sọ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin, ẹni tó ti di ìyá ọlọ́mọ báyìí. Ó dárí jì wá, ó sì ní kí a kọ ọ́ síbí, nítorí pé àwọn òbí mìíràn wà tí wọn yóò fi ọmọ lé wa lọ́wọ́.

Ìdí nìyí tí a kò fi lè dá àwọn òbí tó ń bẹ̀rù lẹ́bi. Ìdí kan náà ni a kò fi lè gbà pé kí ìwé ètò kan tí a kọ láti òkèèrè máa darí wa. Fóònù mọ bí ọ̀nà ti gùn tó: ó mọ̀ pé láti Àjàṣẹ́ dé Kútọnu jẹ́ bí 30 kìlómítà, pé láti Kútọnu dé Ouidah jẹ́ bí 40, pé Ìdàáṣà sì jìnnà sí Kútọnu tó bí 200. Bí òjò ti rọ̀ lókè lóru àná, ìyá ẹlẹ́kọ ló mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́wọ́ àwọn onílé nípa ìrìn-àjò tí à ń gbèrò yìí, lọ́wọ́ àwọn awakọ̀, àwọn oníṣòwò, àti àwọn olùṣọ́-àgùntàn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún, ohun tí wọ́n sọ yí ètò wa padà ní ọ̀nà púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí a ka díẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni àkókò. Ẹlòmíràn nínú wa fẹ́ kí a lọ ní ìsinmi gígùn. Ṣùgbọ́n ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Benin, òjò a máa rọ̀ láti oṣù Kẹrin sí oṣù Keje, yóò sinmi díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án. Oṣù Kẹjọ tí ì bá rọrùn náà tún ní tirẹ̀: ní àyíká ọjọ́ 15 oṣù náà ni àwọn Kátólíìkì máa ń rọ́ lọ sí Ìdàáṣà fún àbẹ̀wò mímọ́ ní ihò àpáta Arigbo, tí ibùsùn a sì máa wọ́n. Bákan náà, oṣù Kìn-ín-ní ni ìsinmi fún ẹ̀sìn ìbílẹ̀ máa ń wáyé ní gbogbo ilẹ̀ Benin. Ouidah a máa kún dẹ́nu ní ọ̀sẹ̀ náà. Èrò wa ni pé kí a lọ ní oṣù Kejì, nígbà tí ilẹ̀ ti gbẹ, tí ìdánwò àṣekágbá kò sì tíì dé.

Èkejì ni ibodè. Lóòótọ́, àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ṣe ní 1979 fún wa láàyè láti wọ ilẹ̀ ara wa fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Ṣùgbọ́n láti oṣù Kẹjọ 2019 títí di oṣù Kejìlá 2020 ni ìjọba tiwa ti ibodè pa, àdéhùn náà sì wà nínú ìwé síbẹ̀. Àwọn tó ń gbé Sèmè ló kọ́kọ́ mọ ìgbà tí ilẹ̀kùn ṣí àti ìgbà tó tì. Wọ́n ti sọ fún wa pé kí ìwé ìrìnnà ọmọ kọ̀ọ̀kan pé, kí káàdì àjẹsára ibà pọ́njú wà lọ́wọ́, kí lẹ́tà ìyọ̀ǹda òbí wà fún gbogbo ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, kí ọkọ̀ sì ní ìwé ìbánigbófò ECOWAS tí wọ́n ń pè ní brown card. Ẹnìkan tún gbà wá nímọ̀ràn pé kí a fi owó díẹ̀ sáàárín ìwé ìrìnnà kí iṣẹ́ lè yá. Ìyẹn ni a kò gbà. Bí a bá kó ọmọ ilé-ìwé Kristẹni jáde láti lọ kọ́ wọn ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀, ó sàn kí a jókòó sílé. Ẹni tí ìwé rẹ̀ pé, tó sì ní sùúrù, yóò kọjá.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀nà fúnra rẹ̀. Ọdún 1972 ni a wọ ilé-ìwé wa. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún yẹn gan-an ni Nàìjíríà fi ọwọ́ òsì sílẹ̀, tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní ọwọ́ ọ̀tún bíi ti àwọn aládùúgbò wa. Àwọn ẹgbẹ́ wa yóò rántí bí ọ̀gá ilé-ìwé ti tò wá sí ẹnu géètì tó ń kọ́ wa bí a ó ti máa wo ọ̀nà kí a tó sọdá. Nítorí náà, ọwọ́ tí à ń gbà kò ní jẹ́ ìṣòro fún awakọ̀ wa. Ìṣòro rẹ̀ yóò jẹ́ àwọn ọlọ́kadà Kútọnu tí wọ́n ń pè ní zémidjan, tí wọ́n wọ ẹ̀wù aláwọ̀ òféèfèé ìyeyè, tí wọ́n sì ń tú jáde bí oyin. Àti àwọn ọkọ̀ àjàgbé tó ń kó ẹrù láti èbúté gòkè, tí ẹlòmíràn nínú wọn a sì dúró sójú ọ̀nà lóru láìní iná lẹ́yìn. Gbogbo awakọ̀ tí a bi léèrè ló pa ẹnu pọ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan: ẹ má rin ìrìn òru. Wọ́n tún kìlọ̀ nípa epo kpayo tí wọ́n ń tà nínú ìgò létí títì. Kì í ṣe pé ó lè ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ nìkan. Ní oṣù Kẹsàn-án 2023, iná sọ ní ibi tí wọ́n ń kó irú epo bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí ní Sèmè-Kraké, ẹ̀mí tó ju 30 lọ ló sì bá a lọ. Ilé epo gidi ni a ó ti máa ra tiwa.

Ẹ̀kẹrin ni bí a ó ti ṣe níbi tí a bá dé. Ní Ganvié, ìlú tí wọ́n kọ́ sórí òpó lójú ọ̀sà Nokoué nígbà tí àwọn ènìyàn ń sá fún àwọn akónilẹ́rú, kí ọmọ kankan má ṣe wọ ọkọ̀ ojú omi láìwọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, kí ẹnikẹ́ni má sì ya àwòrán onílé láìgba àṣẹ. Ní Ouidah, àwọn ọmọ wa yóò rìn ní ọ̀nà tí wọ́n mú àwọn ẹrú gbà, bí kìlómítà mẹ́rin, dé etíkun níbi tí Ẹnu-ọ̀nà Àìpadàbọ̀ dúró sí, èyí tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1995. Òkun ibẹ̀ kì í ṣe òkun ìlúwẹ̀ẹ́. Agbára omi rẹ̀ ti gbé àlejò púpọ̀ lọ. Ní àárín ìlú kan náà, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Kátólíìkì àti ilé òrìṣà eré dojú kọ ara wọn. A mọ ohun tí a gbà gbọ́, a kò ní tẹríba fún ohun mìíràn. Ṣùgbọ́n àlejò kì í fi ohun tí onílé ń bọ ṣe yẹ̀yẹ́. Ní àwọn ìlú Yorùbá tó wà lójú ọ̀nà, ó yẹ kí a béèrè ṣáájú bóyá ọjọ́ tí a ó dé bọ́ sí ọjọ́ Orò, kí àwọn ọmọbìnrin wa má bàa há sójú ọ̀nà. Ẹ má rò pé ẹ̀rọ kankan yóò sọ èyí fún wa.

Ẹ̀karùn-ún ni ibi tí a kò ní dé. Ìwé ètò ọmọ wa fi igbó ẹranko Pendjari kún un, ní òkè réré ìhà àríwá. Ní oṣù Karùn-ún 2019 ni wọ́n jí àwọn àlejò ará Faransé méjì gbé níbẹ̀, tí wọ́n sì pa ọmọ ilẹ̀ Benin tó ń fọ̀nà hàn wọ́n. Láti ìgbà náà, ìkọlù àwọn agbébọn ti pọ̀ sí i ní apá ibẹ̀. Ṣábẹ̀ẹ́ ni òpin ìrìn tiwa. Bí àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́ bá sì sọ lọ́jọ́ náà pé kí a má dé ọ̀dọ̀ àwọn, Ìdàáṣà ni yóò jẹ́ òpin.

Ẹnìkan lè béèrè pé, bí onílé bá tàn wá jẹ ńkọ́? Ìbéèrè rere ni, ìtàn sì ti dá a lóhùn. Nígbà tí ọba Gezo ti Dàhòmì kó ogun wá sí Abẹ́òkúta ní oṣù Kẹta 1851, àwọn ará Ìṣagà ló gbà á nímọ̀ràn. Ìtàn sọ pé wọ́n ní kí ó gba ẹnubodè Aro wọlé, kí ó sì jà ní ọ̀sán. Ibẹ̀ gan-an ni odi ti le jù, ọ̀sán sì ni àwọn Ẹ̀gbá ti jí, tí wọ́n ti múra. Ẹ̀gbá ṣẹ́gun. Ìmọ̀ràn onílé ni Gezo gbà, ṣùgbọ́n ogun ló gbé wá, ìmọ̀ràn ogun ni wọ́n sì fún un. Ẹni tó bá wá pẹ̀lú ìkíni, tó sì jókòó jẹun lọ́dọ̀ ènìyàn, a máa gba irú ìmọ̀ràn mìíràn. Ẹ wo Thomas Birch Freeman, tó mú ìhìnrere wọ Àgbádárìgì ní oṣù Kẹsàn-án 1842: ọmọ baba aláwọ̀ dúdú ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí i sí, ó sì mọ̀ pé àlejò ni òun. William de Graft, ọmọ ilẹ̀ Fante, ló mú dání wá, òun náà ló sì fi iṣẹ́ Àgbádárìgì lé lọ́wọ́ nígbà tí òun ń bá ìrìn-àjò rẹ̀ lọ.

Ọgbọ́n díẹ̀ sì wà nínú ìbéèrè. Ẹ bi ènìyàn mẹ́ta léèrè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: awakọ̀, obìnrin ọlọ́jà, àti ẹnìkan tí kò ní èrè kankan nínú ìrìn yín. Bí ọ̀rọ̀ wọn bá dọ́gba, ẹ gbà á. Ẹ má béèrè pé "Ṣé ó jìnnà?" nítorí ìdáhùn rẹ̀ ní gbogbo abúlé ni pé "Kò jìnnà, ẹ ti dé tán." Ẹ béèrè iye wákàtí tí òun fúnra rẹ̀ fi rìn ín kẹ́yìn. Kí ẹ tó béèrè ohunkóhun, ẹ kí ènìyàn. Lédè Faransé ni ìwé ìjọba wọn, Gùn ni ọ̀pọ̀ ará Àjàṣẹ́ ń sọ, Fọ̀n ni ti Àgbómẹ̀, ṣùgbọ́n láti Pọ̀bẹ́ dé Kétu, àti ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti Ìdàáṣà, Yorùbá tiwa náà ni, bó tilẹ̀ ní ohùn tirẹ̀. Ọmọ tó bá lè sọ "Ẹ kú ojúmọ́, ẹ kú iṣẹ́" ti ní afọ̀nàhàn.

A mọ̀ pé òbí kan yóò sọ pé, bí wàhálà bá pọ̀ tó yìí, kí ló dé tí a kò jókòó sílé? Ìdáhùn wa ni pé ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tó tó ti baba òun. Àwọn ọmọ wa mọ orúkọ òpópónà Lọ́ńdọ̀nù; wọn kò mọ̀ pé ní Kétu, ẹnubodè Àkàbà Ìdẹnà ṣì dúró títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Dàhòmì pa ìlú náà run ní 1886. Wọn kò mọ̀ pé ní Àjàṣẹ́, mọ́ṣáláṣí ńlá kan wà tí ó jọ ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí pé àwọn ọmọ wa tó ti oko ẹrú dé láti Bràsíìlì ló mú irú ilé bẹ́ẹ̀ wá. Wọ́n ti gbọ́ pé ilẹ̀ Faransé dá ohun ìṣúra 26 padà fún ilẹ̀ Benin ní 2021, wọn kò mọ ààfin Àgbómẹ̀ tí wọ́n ti kó wọn lọ. Ọ̀rọ̀ ibodè tí Òyìnbó fà ti mú kí wọ́n máa ka ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wọn sí àjèjì. Bí a bá kú láìmú wọn débẹ̀, ta ni yóò mú wọn?

Nítorí náà, ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún ní ìpàdé gbogboogbò tó ń bọ̀ nìyí. Kí ènìyàn méjì nínú ẹgbẹ́ wa kọ́kọ́ rin ọ̀nà náà tán ní oṣù Kìn-ín-ní, kí wọ́n sì wá jíyìn fún ẹ̀yin òbí. Kí a gba ẹnìkan tó jẹ́ ọmọ bíbí Ìdàáṣà tàbí Kétu, kí a san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un dáadáa, kí ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ láti Sèmè lọ títí di Sèmè bọ̀. Kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ àṣẹ: bí ó bá ní kí a dúró, ìbáà ṣe bíṣọ́ọ̀bù ló wà nínú ọkọ̀, kí a dúró. Kí ọkọ̀ má ṣe rìn lẹ́yìn agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Kí òbí kọ àìsàn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ láìtijú, kí nọ́ọ̀sì sì bá wa lọ. Kí a má fi owó dá ọmọ tálákà dúró sílé, kí a má sì fi dandan mú òbí tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀.

Ní ti àwa tí a kọ èyí, bí ìpàdé bá yàn wá mọ́ àwọn méjì tí yóò kọ́kọ́ lọ, a ó lọ. Lójú ọ̀nà Ṣábẹ̀ẹ́, a ó dúró ní oríta yẹn. Kò dájú pé ìyá ẹlẹ́kọ ṣì wà láyé. Ṣùgbọ́n ẹnìkan yóò máa ta nǹkan níbẹ̀. A ó kí i, a ó ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀, a ó sì béèrè bí ọ̀nà ti rí.